Oókan Ni Gbogbo Wa Fún Ọ

Ọmọ mi, tíṣà mi, ìyá mi kékeré,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé ilẹ̀kùn yàrá rẹ tí o ní kì í tì dáadáa ti ń tì báyìí? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀, kó bá ọ nínú ẹ̀rín, kó má bá ọ nínú ìrònú. Bí o bá bèèrè wa, ara wa le, àfi ẹ̀yìn bàbá rẹ tó máa ń ro wọ́n bí òjò bá ti ń ṣú, àti ojú tèmi náà tí kì í tètè rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ọjọ́ orí ni.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju ohun tí àtàǹpàkò kan lè tẹ̀ lọ, bí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀, fóònù yẹn á máa bá mi parí ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì sọ, bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Mo ka ìwé mẹ́fà parí, ọwọ́ mi sì ṣì lè di bírò mú. Awakọ̀ tó ń bá wa gbé ẹrù ló máa mú un wá pẹ̀lú àpò kékeré kan. Má sọ àpò náà sí kọ̀rọ̀ o, wo inú rẹ̀ dáadáa.

Ilé dùn. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó ń jò ti kúrò ní jíjò. Bàbá rẹ ló gòkè lọ tún un ṣe fúnra wọn, pẹ̀lú ẹ̀yìn yẹn náà. Mo pariwo títí ohùn fi há mi, wọ́n ní bíríkìlà tó bá ti ń bẹ̀rù àkàbà, kó lọ máa ta ẹyin. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjèèjì náà ń kí ọ, Kíá àti Jẹ́jẹ́. Kíá ṣì ń gé aṣọ kó tó wọ̀n ọ́n, Jẹ́jẹ́ sì ṣì ń wọ̀n ọ́n títí oníṣòwò aṣọ á fi kó irú rẹ̀ mìíràn dé. Onígbàjámọ̀ òdìkejì títì, mi ò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. A máa dé orí ẹ̀.

Ọmọ mi, láti ìgbà tí o ti sọ fún mi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ ń sùn ní kíláàsì ìṣirò, oorun ti dá lójú tèmi. O ní ọ̀gá ilé ìwé yín ti fún ọ ní táàmù kan péré, pé bí kíláàsì rẹ bá ṣì ń sú àwọn ọmọ, wọn ò ní í fún ọ ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, àti pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ló máa wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì fúnra rẹ̀. Mo gbé e lé ọkàn. Rántí pé gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Tíṣà báyìí, kódà ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ àlòkù níwájú, tí kì í kí ènìyàn. Bí wọ́n bá dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí ni wọ́n á máa pè mí? Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí orúkọ. Torí pé mo mọ bí o ṣe máa ń to àwọn bọ́tìnnì mi sórí ìjókòó nígbà tí o wà ní kékeré, tí o máa ń kọ́ wọn ní àròpọ̀. Bọ́tìnnì kan ò sùn rí.

Nítorí náà, nígbà tí o fi fídíò ẹ̀kọ́ rẹ ránṣẹ́ sórí fóònù mi lọ́jọ́ Ajé, tí o ní kí a wò ó nílé, kí a sì sọ òótọ́ ibi tó ti sú wa, mi ò fi ṣeré. Mo ti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbé fóònù ti ara áyọ́ọ̀nù lórí tábìlì, mo to bẹ́ǹṣì, mo wọ búláòsì mi tó dára. Mo ní kí bàbá rẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ta ló máa rí àwọn? Mo ní bí àwa ṣe ń rí àwọn ọmọ yẹn, ṣé àwọn náà ò ní í rí wa ni? Wọ́n wọ̀ ọ́. Onígbàjámọ̀ náà wá, oníbàárà mẹ́rin tó wá gba aṣọ náà jókòó, gbogbo wa sì jẹ́ mẹ́sàn-án.

O wọlé, o ní ẹ káàárọ̀ o, gbogbo wa sì dáhùn. Alẹ́ ti ń lẹ́ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n a ò jẹ́ kí ìyẹn dí wa lọ́wọ́. O wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà sójú bọ́ọ̀dù. Mo ní mo rò pé ìṣirò ni, kí ni lẹ́tà ń wá níbẹ̀? O ní kí wọ́n máa da èyí kọ, wọ́n ń dà á kọ. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, bàbá rẹ ti ń hanrun. Mo wo ẹ̀yìn kíláàsì rẹ, mo rí ọmọkùnrin gíga kan tó gbé orí lé ìwé, òun àti bàbá rẹ ń mí pọ̀. Ìwọ náà wá bèèrè pé ta ló mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó dáhùn nínú wọn. Kíá na ọwọ́ sókè. Ó nà án títí apá fi ń dùn ún, o ò pè é. Ó pariwo ìdáhùn, o ò gbọ́. O kàn yíjú sí bọ́ọ̀dù, o sì dáhùn ìbéèrè ara rẹ. Ọmọ mi, èyí àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí ẹni tó jìnnà bá na ọwọ́, pè é. Oúnjẹ tí ìyá bá ti jẹ fún ọmọ tán, kí lọmọ fẹ́ la ẹnu fún?

Ní ọjọ́ kejì, a tún pé jọ, Kíá tún tẹ fóònù, o tún wọlé, àfi bí o ṣe tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ àná látilẹ̀. Mo ní bóyá wọn ò gbọ́ lánàá ni. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀kọ́ yẹn náà ni, ọ̀rọ̀ kan ò yí padà. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ti lè bá ọ kà á. Ṣé o rí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sùn! Bí mo bá ń rán ọrùn kan náà lójoojúmọ́, èmi gan-an á sùn sórí maṣíìnì. Ohun mìíràn tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ikọ́ rẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo máa ń húkọ́, lẹ́yìn tí o bá nu bọ́ọ̀dù tán, fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ibì kan náà. Ikọ́ tó ń wo aago kó tó wá kì í ṣe ikọ́ tí a ń fojú kékeré wò. Jọ̀wọ́, lọ rí dókítà.

Búláòsì ńkọ́? Ọmọ aránṣọ ni ọ́. Búláòsì aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ní ọjọ́ mẹ́rin, tí bọ́tìnnì kejì ń fi òwú kan rọ̀ bíi eyín ọmọ ọdún mẹ́fà! Mo ń wò ó lójoojúmọ́ pé ṣé òní ló máa bọ́. Kò bọ́, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n o ò rán an. Ṣé owó lò ń ṣẹ́ mọ́ ara rẹ lọ́wọ́ ni? Ṣé kò sí abẹ́rẹ́ ní ìlú yín?

Ó dáa, jẹ́ kí n dé ibi tó dùn. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yẹn, ibì kan wà tí gbogbo ojú ti là. Ìgbà tí ìdérí ife omi rẹ já bọ́ lórí tábìlì ni. (Ó ń já bọ́ lójoojúmọ́, ó yẹ kí o ti sún un kúrò létí.) Ó yí gbirigbiri lọ sí ẹsẹ̀ ọmọ tó jókòó níwájú, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọkùnrin gíga yẹn gbé orí sókè, bàbá rẹ náà sì jí. O he é, o sì sọ fún wọn pé ohunkóhun tó bá rí roboto báyìí, bí òrùka ni, bí àgbá ni, bí ẹ bá wọ̀n ọ́n yíká, yóò jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n tí ẹ bá wọ̀n gba àárín rẹ̀ kọjá, yóò sì fi díẹ̀ lé. O sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà, o sì gbé ìdérí kalẹ̀, o padà sí ìdí lẹ́tà rẹ.

Háà! Ọmọ mi, o gbé e kalẹ̀!

Jẹ́jẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ kí oṣù tó parí, dìde ní ọjọ́ kẹrin yẹn. Ó ní Ìyá, ṣé òótọ́ ni? Onígbàjámọ̀ ní irọ́ ni, pé kò sí bí òrùka àti àgbá ṣe lè ní òfin kan náà, pé kékeré kì í bá ńlá dọ́gba. Mo ní ṣé ọmọ mi ni ò ń pè ní òpùrọ́? Mo fa téèpù yọ lọ́rùn. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú abọ́: íǹṣì méje gba àárín, méjìlélógún yíká. Onígbàjámọ̀ ní èèṣì ni. A wọn ìdérí ìkòkò ńlá: mẹ́rìnlá gba àárín, mẹ́rìnlélógójì yíká. Onígbàjámọ̀ sáré sọdá títì lọ gbé bàsíà tó fi ń fọ orí ènìyàn wá, ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó ní téèpù mi ti fà. Kíá mú téèpù tuntun jáde. Bákan náà ló rí. Àwọn oníbàárà gbàgbé aṣọ wọn, ọ̀kan ń wọn táyà kẹ̀kẹ́, ìkejì ń wọn ike bọ́tìnnì. Jẹ́jẹ́ wọn orí bàbá rẹ láti etí dé etí, ó wọ̀n ọ́n yíká, kò bá òfin mu rárá. A bẹ̀rẹ̀ ìjà. Onígbàjámọ̀ ló là wá, ó ní òun ló ń fá orí yẹn láti ogún ọdún, kò sí ọjọ́ kan tó rí roboto.

A ń rẹ́rìn-ín lọ, a ò mọ̀ pé bàbá rẹ ti jáde. Ẹ̀yìn kànga ni mo bá wọn, pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀ wọn. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin gba àárín, méjìlá àtààbọ̀ yíká, ó lé díẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ogójì ọdún ni àwọn ti ń to bíríkì yí kànga ká, ojú lásán làwọn fi ń ṣírò rẹ̀, bíríkì sì máa ń ṣẹ́ kù tàbí kó má tó, àwọn á ní oníbíríkì ló ń rẹ́ àwọn jẹ. Wọ́n ní ọmọ àwọn sì mọ̀ ọ́n, ó jókòó sí ìlú, ó mọ iye bíríkì tó yí kànga àwọn ká. Ọmọ mi, bàbá rẹ ò sọ pé inú àwọn dùn, o mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wọn gbogbo nǹkan. Àná, wọ́n wọn ẹyin.

Èmi ò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá ló ti gba ọwọ́ mi kọjá, ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Bí mo bá fún wọn ní bébà kí wọ́n gé e ní ọrùn, wọ́n á máa yán. Bí mo bá fún wọn ní aṣọ tí ènìyàn máa wọ̀ lọ́la, tí mo ní kí wọ́n gé e, kò sẹ́ni tó ń yán. Ẹ̀rù á bà wọ́n, ẹnu á dákẹ́, ojú á là. Kíá ti fi ọrùn tó fẹ̀ jù ba aṣọ márùn-ún jẹ́, gbogbo ìkìlọ̀ mi ò wọ̀ ọ́ létí. Lẹ́yìn tó wọn ìdérí ìkòkò fúnra rẹ̀ ló wá bá mi, ó ní Ìyá, ọrùn tó bá jẹ́ íǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yíká, àárín rẹ̀ kò ní í pé márùn-ún, èmi sì ti ń gé e ní méje! Mo ní ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá gbọ́! Ọdún kan ni mo ti ń sọ ọ́. Ohun tí o bá sọ fún ọmọ, tìrẹ ni. Ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, tiẹ̀ ni, kì í sì í sùn lé tiẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Jẹ́ kí ẹnìkan pè ọ́ ní òpùrọ́. Bí wọ́n bá rí i tán, kí o tó wá kọ lẹ́tà rẹ sí bọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ló kù, èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, tí o ní ọ̀gá yín máa kà. Fọ́ọ̀mù ní láti oókan dé àárùn-ún, báwo ni ẹ̀kọ́ yìí ṣe wù yín tó. Ìdùnnú kún inú mi. Mo rántí káàdì èsì ìdánwò rẹ ti ìwé kẹta, èyí tí o ti gbé ipò kìíní, tó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì mi. Mo tẹ oókan. Bàbá rẹ tẹ oókan. Kíá, Jẹ́jẹ́, àwọn oníbàárà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo dúró tì wọ́n lẹ́nìkọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ wọn má ṣì lọ, oókan, oókan, oókan. Àfi onígbàjámọ̀. Ọkùnrin tó jẹ́ pé lọ́dọ̀ mi ló ti ń yá àlùmọ́gàjí, tó wọn bàsíà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tẹ àárùn-ún! Mo ní ẹni ipò karùn-ún nínú márùn-ún, ṣé kì í ṣe ẹni tó gbẹ́yìn ni? Ó ní òun rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni. Mo ní ìlara ni. Mo gba àlùmọ́gàjí mi, mi ò sì tíì kí i láti ìgbà náà. Má bínú, ẹni mẹ́jọ ló fún ọ ní ipò kìíní, ẹnìkan kò tó ba ọjà jẹ́. Fọ́ọ̀mù tún ní àyè tí a lè kọ ìdí sí, mo kọ ti bíríkì, mo kọ ti ọrùn aṣọ, títí fóònù fi ní ó tó.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ bí agbára rẹ bá gbé e. Ní gbogbo ìgbà tí o bá wọlé wá kọ́ni ni dátà ń lọ, ó sì ti tán. Kí o tún fi ti òróró ìpara ẹ̀yìn bàbá rẹ kún un, nítorí kànga yẹn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lé lórí. Bí kò bá sí, má yá a. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ kò ní í wọ́lẹ̀ lójú àwọn tí ò ń kọ́. Àwọn tí o kọ́ yóò kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ibi tí o bá ti dúró, wọn ò ní í ní kí o sún. Ọmọ tìrẹ náà yóò jókòó wò ọ́, kò ní í sùn.

Èmi ni ìyá rẹ.

Mo tún ṣí lẹ́tà yìí o. Mo ti lẹ̀ ẹ́ tán, mo ń dúró de awakọ̀, ni fóònù dún. Ọ̀gá ilé ìwé yín ni! Ó ní òun rí fọ́ọ̀mù tó wá láti orí nọ́ńbà yìí, pé ẹni mẹ́jọ ló fún tíṣà ní oókan. Mo ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, sà. Ó ní kí ló dé tí mo wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá lọ wọn kànga? Mo ní torí ẹ̀kọ́ ọmọ mi ni. Ó ní ṣé ẹ̀kọ́ náà wá dùn mọ́ wa ni? Mo ní sà, ṣé ènìyàn máa ń gbé ipò kìíní fún ohun tí kò dùn? Mo gbọ́ nǹkan bí ẹni tí omi ń há lọ́fun. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Nígbà tí ohùn rẹ̀ já gaara, ó ní ìyá, lọ́dọ̀ tàwa, àárùn-ún ni òkè, oókan ni ìsàlẹ̀.

Mo jókòó sórí aṣọ oníbàárà. Ọmọ mi, ẹ̀mí mi fò lọ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tì ọ́ sísàlẹ̀, tí mo tún dúró ti àwọn ẹlòmíràn kí ọwọ́ wọn má ṣì! Mo ní sà, ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ ọ́ sí mi lọ́rùn, ọmọ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó ní òun kò lè pa nọ́ńbà rẹ́, ṣùgbọ́n òun mọ̀wé kà, pé láti ọjọ́ tí òun ti ń ka fọ́ọ̀mù, òun ò tíì rí ẹ̀kọ́ tó lé bàbá arúgbó lọ sí ẹ̀yìn kànga. Ó ní Ọjọ́bọ̀ lòun máa fi ojú ara òun rí i, kí n sọ fún ọ pé bí a ṣe kọ́ ọ nílé wa níbí ni kí o kọ́ ọ níwájú òun. Nítorí náà, má tún fi bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ o. Ìdérí ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Mo ti lọ bẹ onígbàjámọ̀. Ó ń pọ́n abẹ, kò gbójú sókè. Mo ní ẹ kú iṣẹ́. Ó ní ta ló ń kí òun, ṣé ẹni ipò kìíní ni àbí ẹni ipò karùn-ún? Mo gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀ fún un, mo ní kó má dá a padà mọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun nìkan ló jẹ́ kí o yege ní gbogbo ìlú yìí. Mo ti kọ ọ́.

Búláòsì tuntun wà nínú àpò, mo fi òwú onílọ̀ọ́po méjì rán bọ́tìnnì rẹ̀. Téèpù mẹ́fà wà lápò búláòsì náà fún àwọn ọmọ rẹ, kí ọmọkùnrin gíga yẹn gba ọ̀kan. Èyí tó ti ṣá láwọ̀ jẹ́ tèmi, òun ni mo fi kọ́ṣẹ́, ọwọ́ tìrẹ ni kí ó wà lọ́jọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ ti gé kúrò tipẹ́, nítorí náà láti orí èjì ni kí o ti máa kà, kí o sì yọ èjì kúrò nínú iye tí o bá rí. Kò sí oókan lára rẹ̀ mọ́.